Ilé Tí Mísítà George Ń Dárúkọ

Láràárọ̀, tí Monísọ́lá bá ti wẹ Mísítà George tán, tó sì ti gbé e jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, bàbá náà á bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ ìlú. Inverness. Iona. New Glasgow. Nova Scotia ní Canada ni gbogbo wọn wà, ṣùgbọ́n orúkọ Scotland ni wọ́n ń jẹ́.

"Ta ló sọ wọ́n bẹ́ẹ̀, sà?" Monísọ́lá bi í lọ́jọ́ kan.

"Àwọn tí wọ́n lé kúrò lórí ilẹ̀ wọn ní Scotland ni. Àwọn onílẹ̀ fẹ́ máa sin àgùntàn níbẹ̀, wọ́n bá lé èèyàn dànù. Wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi. Nígbà tí wọ́n gúnlẹ̀, wọ́n fi orúkọ ibi tí wọ́n fi sílẹ̀ pe ibi tí wọ́n dé."

Ọmọ Abẹ́òkúta ni Monísọ́lá. Ọ̀rọ̀ náà kò ṣàjèjì sí i. Nígbà tí ogun tú àwọn Ẹ̀gbá ká, tí wọ́n sá dé abẹ́ Olúmọ, orúkọ ìlú tó ti parun ni wọ́n fi sọ àdúgbò wọn: Ìjẹmọ̀, Ìtọ́kò, Ìporò. Ó sọ ọ́ fún bàbá náà.

"Ó yé ọ nìyẹn," bàbá náà wí.

Stockbridge, ìlú kan tó jìnnà sí Canada níhà gúúsù, ni ilé náà wà. Láti Jonesboro ni Monísọ́lá ti ń wakọ̀ wá tọ́jú rẹ̀. Mísítà George mọ ọ̀nà tó lọ sétí omi ní Iona, ó mọ igi tí wọ́n fi ń dáná níbẹ̀, ó mọ orin tí àwọn obìnrin ń kọ bí wọ́n bá ń fọ aṣọ òtútù. Ṣùgbọ́n bí Monísọ́lá bá bi í bóyá òtútù ibẹ̀ le, á kọjú sí fèrèsé.

"Wọ́n ní ó le," á wí.

Monísọ́lá gbà pé ọjọ́ ogbó ló ń mú un gbàgbé.

Nígbà tí èémí bàbá náà bẹ̀rẹ̀ sí í já, ó di ọwọ́ Monísọ́lá mú.

"Iona ni kí wọ́n sin mí sí. Bá mi sọ fún Joanna."

"Ẹ sọ fún un fúnra yín, sà. Ọmọ yín ni."

"Kò ní gbà á lẹ́nu mi."

Monísọ́lá ṣèlérí. Kò pẹ́ sígbà náà tí bàbá náà kú.

Láńrewájú ọkọ rẹ̀ ń jẹun kó tó lọ sí shift rẹ̀ ní warehouse kan ní Forest Park nígbà tí Monísọ́lá sọ fún un.

"Mummy Pẹ̀lúmi, ọ̀rọ̀ family wọn nìyẹn o. Tí wọ́n bá fẹjọ́ ẹ sun agency tó gbà ẹ́ síṣẹ́ ńkọ́? Wọ́n á gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ."

"Mo ti ṣèlérí."

"Òkú ò lè bi ẹ́ léèrè."

"Tó bá jẹ́ èmi ni mo kú síbí, ta ló máa sọ fún wọn pé kí wọ́n gbé mi lọ sílé?"

Láńrewájú ṣan ọwọ́ rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, Monísọ́lá bá Joanna, ọmọ kan ṣoṣo tí bàbá náà bí, nínú yàrá. Ó ń kó aṣọ bàbá rẹ̀ sínú báàgì, ojú rẹ̀ gbẹ. Aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni gbogbo wọn. Monísọ́lá jíṣẹ́ tí wọ́n rán an. Joanna kò dáwọ́ dúró.

"Jonesboro la máa sin Dádì sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá tó bí wọn."

"Ẹ má bínú, mo mọ̀ pé kò kàn mí. Ṣùgbọ́n ó bẹ̀ mí. Tí wọn ò bá tiẹ̀ ṣe nǹkan mìíràn fún èèyàn, ó yẹ kí wọ́n gbé e padà sílé."

Joanna gbé ṣẹ́ẹ̀tì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì.

"Dádì ò fẹsẹ̀ kan Canada rí láyé wọn," ó wí, "ìyá mi lọmọ Iona, nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà ló fi wá sílẹ̀ padà síbẹ̀, ó sì wà níbẹ̀ di òní olónìí pẹ̀lú ọkọ mìíràn tó fẹ́."