Ooru Ẹ̀yìn Kọ̀ǹpútà

Nígbà tí ìdíje eré kọ̀ǹpútà àwọn àgbà abúlé ku wákàtí kan, kọ̀ǹpútà Baba Moróhùn rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní, “Baba, ara mi ń gbóná. Bí n kò bá rí atẹ́gùn, màá sùn lọ láàárín eré.”

“Fáànù mẹ́rin ni mo dè mọ́ ọ lára.”

“Gbogbo wọn ló ń fẹ́ atẹ́gùn wọlé, Baba, kò sí èyí tó ń fẹ́ ẹ síta. Àlejò tí a kò ṣílẹ̀kùn fún kó jáde ní í sọ ilé onílé di tirẹ̀.”

Baba yí fáànù ẹ̀yìn síta. Ooru tú jáde bí ẹnu ààrò. Ìyàwó rẹ̀, tó ti ń bú eré náà látọdún mẹ́ta, rọra gbé atẹ iṣu èlùbọ́ tí òjò kò jẹ́ kó gbẹ wá síwájú ooru náà.

Baba borí. Ó fẹ́ pa ẹ̀rọ.

“Baba Moróhùn,” ni ìyàwó wí, “ẹ tún ṣe eré kan sí i. Apá kan iṣu yìí ṣì tutù.”