Ẹ̀ṣẹ̀ Tòlótòló Kan

Ọdún mẹ́rìnlá gbáko ni Rosaline, ìyá Dámi, tẹ́lọ̀ tó ń rán aṣọ ilé-ìwé ní Nasarawa Gwong nílùú Jos, fi jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ kan ṣoṣo. Ẹ̀ṣẹ̀ náà kò ju tòlótòló kan lọ. Ní àárọ̀ ọjọ́ tó ṣáájú Kérésì ọdún kan, ẹyẹ náà gba orí ògiri wọ àgbàlá rẹ̀, ó dúró lẹ́bàá ààrò, ó ń wo Rosaline lójú. Ọbẹ̀ ọdún kò sì tíì ní ẹran.

Pásítọ̀ Akínjídé, tó ń gbé lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì ní òpin àdúgbò, kọjá níbi tí Rosaline ti ń tu ìyẹ́ ẹyẹ náà. Ó dúró díẹ̀, ó kí i kú ìpalẹ̀mọ́ ọdún, ó sì yí padà. Nígbà tí ọbẹ̀ jinná, Rosaline bu itan kan ránṣẹ́ sí i.

Ògiri kan ṣoṣo ló pín àgbàlá Rosaline àti ti Tohirat níyà, Tohirat ló sì ń sin adìẹ àti awó ládùúgbò. Rosaline kò bi ẹnikẹ́ni léèrè. Láti ọjọ́ náà ni kò ti lè wo Tohirat lójú mọ́. Bí Tohirat bá gbé ẹran Iléyá wá, Rosaline á ní òun ń gbààwẹ̀. Báyìí ló ṣe gbààwẹ̀ Iléyá lọ́dún mẹ́rìnlá, òun tí kì í gbààwẹ̀ ìjọ rẹ̀ kọjá aago mẹ́wàá. Bí wọ́n bá sì fẹ́ pín oúnjẹ Olúwa ní ṣọ́ọ̀ṣì, á dìde, á jáde.

Léraléra ló lọ bá Pásítọ̀. Pásítọ̀ ṣí Bíbélì, ó fi ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí hàn án pé Ọlọ́run ti kó ẹ̀ṣẹ̀ wa sọ sínú ọ̀gbun òkun. Rosaline ní òkun jìnnà sí Jos, pé odò Dilimi ló wà nítòsí, kò sì jìn.

“Màmá Dámi,” ni Pásítọ̀ wí, “kí ìkòkò yẹn tó hó rárá ni wọ́n ti dárí jì yín. Ó ti tán.”

Ọ̀rọ̀ náà kò wọ̀ ọ́ létí. Lọ́dún yìí, ó sọ fún un pé òun máa ra tòlótòló mìíràn fún Tohirat. Pásítọ̀ wúkọ́. Ó ní kò pọn dandan. Ó tún wúkọ́. Ṣùgbọ́n Rosaline ti pinnu.

Ní àárọ̀ Sátidé, ó ra akọ tòlótòló ńlá kan ní ọjà Dilimi, ó gbé e wọ kẹ̀kẹ́ Nápẹ́pù. Ẹyẹ náà kò fẹ́ràn fìlà awakọ̀. Ó ṣá a jẹ lẹ́ẹ̀kíní, ó ṣá a jẹ lẹ́ẹ̀kejì. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, ó já a gbà, fìlà sì di tirẹ̀ títí wọ́n fi dé Nasarawa Gwong.

Tohirat ń din kòsé, àkàrà àwọn Hausa, lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí Rosaline kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ pẹ̀lú tòlótòló lábíyá. Ó ka ẹ̀ṣẹ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìmí. Tohirat gbọ́ ọ tán, ó sún àga rẹ̀ sẹ́yìn.

“Haba, Ìyá Dámi. N ò sin tòlótòló rí láyé mi. Ẹ̀rù wọn ń bà mí. Ẹ dákun, ẹ mú un jìnnà sí mi.”

Lẹ́yìn náà ló wá rọra sọ pé, “Mo ti rò pé torí mo jẹ́ Mùsùlùmí ni ẹ ò ṣe jẹ oúnjẹ mi mọ́.”

Rosaline ní rárá o, tòlótòló ni. Àwọn méjèèjì wo ara wọn, ẹ̀rín sì mú wọn títí kòsé fi jóná nínú epo. Wọ́n jọ jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀, dúdú dúdú.

Ó wá ku ẹyẹ. Rosaline ò lè gbé e padà sílé, bẹ́ẹ̀ ni kò mọ ẹni tí òun ì bá gbé e fún. Ó rò ó títí, ó gbé e lọ sílé Pásítọ̀, ó ní kí wọ́n gbà á bí ọrẹ ìdúpẹ́. Pásítọ̀ ń ka ìwé ìròyìn ní pálọ̀. Ó yọjú wo ẹyẹ náà, ó sì gbé ìwé ìròyìn bo ojú. Ìyàwó rẹ̀, Christianah, ló jáde wá gbà á tẹ̀rín-tẹ̀rín.

“Ẹ ṣé o, Màmá Dámi,” ni Christianah wí, “a ò tíì sin òmíràn láti ìgbà tí tiwa ti fò lọ ní Kérésì ọdún tí ẹ fún wa ní itan yẹn, tí Pásítọ̀ wá a dé ọ̀dọ̀ yín, tó padà wálé tó ní òun ti rí i, pé kò sọnù rárá, ká ṣáà gbàgbé rẹ̀.”