Eegun Ìhà Méjì

"Ta ló lu ìyá mi?"

Mo ń pariwo lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn ní ọsibítù. Eegun ìhà wọn méjì ló kán. Wọn ò lè mí kanlẹ̀.

Ìyàwó àbúrò mi, tó ń tọ́jú wọn, wà lórí ìkúnlẹ̀. "Bọ̀ọ̀dá, mi ò fọwọ́ kàn wọ́n!"

"Pa ẹnu ẹ mọ́! Mo rìnrìn àjò, o sọ ìyá mi di bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá!"

Dókítà dá sí i. "Kò sẹ́ni tó lù wọ́n. Látìgbà tí nǹkan oṣù wọn ti dáwọ́ dúró ni eegun wọn ti ń di ẹlẹgẹ́. Nǹkan tí ò tó nǹkan lè kán an."

"Bíi kí ni?"

Ìyá mi di ọwọ́ mi mú.

"Ọkọ mi, nígbà tó o dé láàárọ̀, tó o gbá mi mọ́ra ṣinṣin, mo gbọ́ tó dún. Ayọ̀ ẹ ni mi ò fẹ́ bà jẹ́ tí mi ò fi ké."