Kókó Àwọ̀n

"Ẹ má tíì jókòó o!" Bàbá apẹja náà na ọwọ́ dí ọ̀gá ọlọ́pàá tó ti Ìkòròdú wá síbi àdúà ọjọ́ kẹjọ ikú ọmọ bàbá náà, ọlọ́pàá bíi tiẹ̀, ní Ẹ̀pẹ́.

Ọ̀gá dúró. Ẹnu iṣẹ́ ló ti ń bọ̀, ẹ̀wù ayẹta ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. "Bàbá, akọni ni Zikrullah ọmọ yín. Àwọn adigunjalè dojú ìbọn kọ wá ní Agric n'Ìkòròdú, kò sá."

"Ẹ̀yin náà wà níbẹ̀?"

"Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo wà. Àyà nìbọn ti bà á."

"Ẹ̀wù ayẹta tiẹ̀ ńkọ́?"

"Kò ní, bàbá. Ẹ̀wù ò kárí wa."

Bàbá sún mọ́ ọn. Okùn àwọ̀n aláwọ̀ ewé ni wọ́n fi rán ìhà ẹ̀wù ayẹta tó wà lọ́rùn ọ̀gá. Nígbà Iléyá ni Zikrullah gbé ẹ̀wù ayẹta rẹ̀ tó ti ya wálé, tí bàbá fi abẹ́rẹ́ àwọ̀n rán an fún un.

Ó fìka wá kókó okùn náà rí. Ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ ló so ó.

"Bọ́ ẹ̀wù ọmọ mi sílẹ̀," ó wí, "kí o tó ṣàmín àdúà rẹ̀."