Òkúta Odò Wa Mọ́ Tónítóní

Akẹ́kọ̀ọ́ náà yí òkúta kẹtàdínlógún padà nínú odò, ó yẹ abẹ́ rẹ̀ wò, ó pòṣé. Òfìfo!

Kòkòrò márùn-ún péré ló ń wá fún iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀, èyí tó pẹlẹbẹ bí èékánná, tó máa ń dì mọ́ òkúta kí omi tó ń sáré bọ̀ látorí òkè má baà gbé e lọ. Ọjọ́ Ẹtì kẹrin rèé tó ti ń gun ọ̀kadà wá sí ìlú Awa látilé ìwé. Olùkọ́ rẹ̀ sì ti ní bí kò bá kó wọn dé lónìí, kò ní bá ẹgbẹ́ rẹ̀ kẹ́kọ̀ọ́ jáde.

"Ta ni mo ṣẹ̀ gan-an?" ló figbe ta.

Ìyá Aládùúrà kan yọ sí i, ó wọ sùtánà funfun, ó mú kànrìnkàn lọ́wọ́.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá wolé-wolé."

"Wolé-wolé kẹ̀? Mà, kòkòrò ni mò ń wá!"

"Ohun tá a gbọ́ náà nìyẹn! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ti odò àdúrà wa pa. Gbogbo àárọ̀ Ẹtì la ń fọ òkúta ibẹ̀ kẹ́ ẹ tó dé. Kòkòrò kan ò lè kù!"

Akẹ́kọ̀ọ́ náà jáde nínú omi wá bá a. Ojú rẹ̀ bá bọ́ sára kànrìnkàn. Kòkòrò pẹlẹbẹ méje ló dì mọ́ ọn.

"Ìyá! Wọ́n wà lára kànrìnkàn yín!"

"Yéè! Ó ti rí wọn!"

Ìyá náà ju kànrìnkàn sódò. Omi gbé e, ó ń sáré lọ, àwọn kòkòrò náà sì dì mọ́ ọn pinpin.