Ibi Tí Omi Bá Ń Ṣàn

"Ibi tí omi bá ń ṣàn ni ààlà!" Aṣojú Nàìjíríà lu tábìlì, ó tún ká agbádá tó dá nítorí fọ́tò ìpàdé ààlà náà sí èjìká. Láti àárọ̀ ló ti ń sọ ọ́, nínú oko iṣu àwọn ará Ṣakí. Ojú ọjọ́ ti yí padà, odò ààlà ti gbẹ láti ọdún mẹ́ta.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká ri òkúta mọ́lẹ̀," ni aṣojú Bẹ̀nẹ̀ fi Yorùbá Ṣábẹ̀ẹ́ bẹ̀ ẹ́.

"Òkúta kẹ̀? Kí ẹ lè máa sún un? Omi ni! Mi ò ní fi ebè kan sílẹ̀ fún yín."

Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé bó ṣe wí, wọ́n sì fọwọ́ sí i. Tàdáwà ò tíì gbẹ tí òjò fi ya lulẹ̀. Àgbàrá ò dé ojú odò àtijọ́. Ẹ̀yìn oko iṣu ló gbà, láàárín aṣojú Nàìjíríà àti jíìpù rẹ̀ tó gbé sí ọ̀nà Ṣakí.

Aṣojú Bẹ̀nẹ̀ nu omi òjò ojú rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ káàbọ̀ sílùú wa. Ìwé ìrìnnà yín dà?"