Orúkọ Kẹtàdínlógún

Àgbà márùn-ún ló jókòó yí tábìlì náà ká, wọ́n sì gbọ́dọ̀ fohùn ṣọ̀kan kí owó ìlàjà tó jáde. Ìlú ló ni owó, ṣùgbọ́n àgbà àwọn onílẹ̀, àwọn ẹ̀yà tí òyìnbó bá níbẹ̀, ló ń pín in, bí àṣà tiwọn ni wọ́n sì ṣe ń pín in: wọn kì í dìbò. Bí ẹnì kan ṣoṣo bá ti ní òun ò gbà, ó di ọdún tó ń bọ̀.

Àwọn mẹ́rin ti gbà. Ẹ̀yà Dene ni méjì nínú wọn, ẹ̀yà Dakota ni méjì. Ó ku Isidore Whitecalf, ọmọ ẹ̀yà Cree kan ṣoṣo tó wà láàárín wọn.

Twyla Okemow, tó kọ ìwé ìbéèrè owó náà wá, mọ̀ ọ́n dáadáa. Ta ni kò mọ̀ ọ́n? Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin ni. Ẹ̀rín kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀ níbi tí wọ́n bá ti ń jẹun, ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá ti dárúkọ iléèwé àwọn àlùfáà, ibi tí wọ́n ń fipá kó àwọn ọmọ onílẹ̀ lọ nígbà kan, á mú fìlà rẹ̀, á sì jáde. Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, òun ló da irú ìwé ìbéèrè yìí nù. Ó ní kí wọ́n fi òkú sílẹ̀ kó sùn.

Ogún òkúta ni Twyla ń wá owó sí, pẹ̀lú orúkọ ogún ọmọ tí iléèwé náà sin sí etí odò, níbi tí àwọn ará ìlú ti ń gbá bọ́ọ̀lù báyìí. Ó tún fẹ́ se oúnjẹ fún àwọn ọmọ tó kú náà níbẹ̀ kí òtútù tó mú ilẹ̀ dì. Mẹ́ta nínú àwọn ìyá àgbà tó fọwọ́ síwèé gẹ́gẹ́ bí ìbátan ti wà lórí ibùsùn ọsibítù. Ó ti ṣèlérí fún wọn pé wọ́n á fojú ara wọn rí òkúta náà. Ọdún tó ń bọ̀ ti jìnnà jù fún wọn.

Isidore tẹ ìka mọ́ ìwé náà. "Ka nọ́ńbà kẹtàdínlógún sókè."

"Nesi Mis," ni Twyla kà. "Obìnrin, ọmọ ọdún márùn-ún. Ibà ló pa á, ní oṣù kẹta ọdún 1957."

"Tún un kà."

Ó tún un kà. Bàbá náà ò wo ojú rẹ̀.

"Ta ló kọ ọ́ bẹ́ẹ̀?"

"Akọ̀wé iléèwé ni, Bàbá. Bí mo ṣe bá a nínú ìwé ìforúkọsílẹ̀ ni mo ṣe dà á kọ."

"Ọmọ mélòó ni wọ́n mú wọlé lọ́jọ́ tí wọ́n mú un wọlé?"

"Méjì. Omi ti ba orúkọ ìkejì jẹ́."

"Kí ni ìwọ mọ̀ nínú èdè Cree?"

Ojú ti Twyla. "Mi ò gbọ́ ọ, Bàbá. Ẹ mọ̀ pé ilé òyìnbó ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà."

"Fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀, Isidore," ni Bernadette, ọ̀kan nínú àwọn Dene, wí. "Cree tìrẹ náà ti dógùn-ún, a ò sì torí ẹ̀ lé ẹ kúrò níbí."

Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín. Isidore ò rẹ́rìn-ín.

"Ta ló fọwọ́ sí i fún un?"

"Èmi ni."

"Kí ni ẹ jọ jẹ́?"

"A ò jẹ́ nǹkan kan. Ọdún mẹ́ta ni mo fi wá ẹbí rẹ̀, mi ò rí ẹyọ ẹnì kan tó ń jẹ́ orúkọ yẹn. Mo wá ní kí n ṣe ẹbí rẹ̀."

"Kì í ṣe orúkọ," ni Isidore wí. "Yọ ọ́ kúrò, kí n tó fọwọ́ sí nǹkan kan."

Noreen, òṣìṣẹ́ tí ìlú rán wá, wo aago. Ó fi ẹnu sí Twyla létí. "Yọ ọ́, jàre. Mọ́kàndínlógún á ṣì kù. Bó bá fi di ọ̀sán, àyè ti bọ́."

Twyla rò ó pé ohun tí bàbá yìí ti ń wá láti àárọ̀ nìyí, ìhò kékeré kan tó máa gbà wọlé ba gbogbo iṣẹ́ náà jẹ́. Ó rántí àwọn ìyá mẹ́ta lórí ibùsùn. Orúkọ kan péré ni, orúkọ tí kò sí ẹni tó máa béèrè rẹ̀. Ó mú bírò, ó gbé e sórí ìlà náà, ọwọ́ rẹ̀ kọ̀.

Ó gbé bírò náà sílẹ̀. Inú ń bí i, ẹ̀rù sì ń bà á.

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, mi ò lè ṣe é. Bí kò bá sí ọmọ yìí níbẹ̀, ẹ máa mú owó yín. Màá lọ bẹ àwọn ìyá náà fúnra mi."

Isidore na ọwọ́, ó mú bírò náà. Ó fa ìlà gba orí Nesi Mis kọjá, ó tún fa òmíràn gba orí ìbuwọ́lù Twyla.

Twyla dìde, ó ń kó ìwé rẹ̀ jọ.

"Jókòó, ọmọ mi," ni bàbá náà wí.

"Akọ̀wé yẹn bi mí pé ta ni mo dì lọ́wọ́ mú, mo sì dá a lóhùn ní Cree pé nisímis, àbúrò mi," ó wí, ó sì kọ Philomène Whitecalf sórí ìlà kẹtàdínlógún, ó fọwọ́ ara rẹ̀ sí àyè ìbátan.